Mákírò, àti bí a ti ń kọ ètò tí ń tú u nínú èdè ṣédà

mákírò, ọ̀rọ̀-orúkọ, ohùn òkè, òkè, ìsàlẹ̀.

1. Orúkọ kan nínú kóòdù kọ̀ǹpútà, tí a ti sọ tẹ́lẹ̀ pé kí a fi ọ̀rọ̀ mìíràn rọ́pò rẹ̀ níbikíbi tí ó bá ti jẹ yọ, kí kọ̀ǹpáílà tó fojú kan kóòdù náà.

2. Àkójọ àṣẹ tí a gbà sílẹ̀ nínú ètò bíi Excel, kí iṣẹ́ tí à ń ṣe léraléra lè di ohun tí a tẹ bọ́tìnnì kan fún.

Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó ń bá a rìn: a ń *dá* mákírò, a ń *pe* mákírò, a ń *tú* mákírò, a sì lè *pa* á *rẹ́*. Ìtumọ̀ kìn-ín-ní ni àlàyé ìsàlẹ̀ yìí dá lé.

Ìlò

*Tú* ni ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó yẹ mákírò, kì í ṣe *túmọ̀*. Ẹni tí ó bá túmọ̀ ọ̀rọ̀ ti ní láti lóye rẹ̀ kí ó tó sọ ọ́ ní ọ̀nà mìíràn. Ẹni tí ó bá ń tú ẹrù kò nílò òye ohun tí wọ́n dì sínú rẹ̀; ohun tí ó bá níbẹ̀ ni yóò kó síta. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ètò tí ń tú mákírò. Kò mọ̀ bóyá nọ́ḿbà ni òun ń kó síta, tàbí àwọ̀, tàbí ìdajì gbólóhùn tí kò tíì parí. Àìmọ̀ yìí ni agbára rẹ̀, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ ìjàǹbá rẹ̀ ti ń wá.

Bákan náà, *rọ́pò* ni ó tọ́ níhìn-ín, *pààrọ̀* kò tọ́. Nínú pààrọ̀, ohun méjì lè gba ipò ara wọn. Nínú rọ́pò, ọ̀kan kúrò, èkejì sì jókòó síbẹ̀. Ìhà tí ọ̀rọ̀ náà kọ sí tún ṣe pàtàkì: ara mákírò ni a ń fi rọ́pò orúkọ rẹ̀, a kì í fi orúkọ rọ́pò ara. Nínú àlàyé yìí, *ara* mákírò ni ọ̀rọ̀ tí orúkọ náà dúró fún. *Àyè* ni orúkọ tí a fi sínú àkámọ́ nígbà tí a ń dá mákírò. *Àfisáyè* sì ni ohun tí ẹni tí ó pe mákírò kó sínú àyè náà. *Atúmákírò* ni ètò tí ó ń ṣe iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá

Èdè Gíríìkì ni gbòǹgbò rẹ̀, níbi tí *makros* ti túmọ̀ sí ohun gígùn tàbí ohun ńlá. Ní àwọn ọdún 1950, àwọn tí wọ́n ń kọ kóòdù ní èdè tí ó sún mọ́ ẹ̀rọ pẹ́kípẹ́kí a máa pe àṣẹ kan ṣoṣo tí ó ń bí ọ̀pọ̀ àṣẹ ní àṣẹ ńlá, láti inú èyí ni mákírò ti kúrú jáde. Ní 1960, Douglas McIlroy tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde tí ó fi hàn pé irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ lè wúlò fún èdè kọ̀ǹpútà tí ó ga ju ti ẹ̀rọ lọ. Nínú ìtàn tí Dennis Ritchie kọ nípa èdè C, ó sọ pé ní nǹkan bí 1972 sí 1973 ni atúmákírò wọ inú èdè náà, ní apá kan nítorí pé Alan Snyder ń rọ̀ wọ́n sí i. Ohun tí ó kọ́kọ́ ń ṣe kò ju méjì lọ: kíkó fáìlì mìíràn wọlé, àti rírọ́pò orúkọ tí kò ní àyè. Mike Lesk, àti lẹ́yìn rẹ̀ John Reiser, ni wọ́n fi mákírò tí ó ní àyè kún un, pẹ̀lú agbára láti yọ apá kan kóòdù kúrò bí ipò kan bá rí báyìí tàbí báyẹn.

Mákírò nínú èdè ṣédà

Ṣédà ni ètò kékeré tí ẹ̀rọ ayàwòrán inú kọ̀ǹpútà, ìyẹn GPU, ń ṣe láti mọ ibi tí igun ohun kọ̀ọ̀kan yóò bọ́ sí àti àwọ̀ tí píkísẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan yóò ní. Ìwé ìlànà RenderMan tí ilé-iṣẹ́ Pixar gbé jáde ní 1988 wà lára ohun tí ó mú ọ̀rọ̀ náà gbajúmọ̀. Lójú ẹ̀rọ tí ó ní píkísẹ́ẹ̀lì 1920 ní ìbú àti 1080 ní ìdúró, àpapọ̀ wọn jẹ́ 2,073,600. Bí àwòrán bá ń yí padà nígbà 60 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìṣirò àwọ̀ náà yóò wáyé ní ìgbà tí ó lé ní mílíọ̀nù 124. Ìdí nìyí tí ẹni tí ń kọ ṣédà kì í fẹ́ fi ìbéèrè tí a lè dáhùn ṣáájú sílẹ̀ sínú rẹ̀. Bí kò bá sí kùrukùru nínú àwòrán, ó sàn kí kóòdù kùrukùru má sí níbẹ̀ rárá ju kí GPU máa béèrè lọ́wọ́ ara rẹ̀ ní ìgbà mílíọ̀nù 124 bóyá kùrukùru wà.

GLSL, èdè ṣédà tí ó di ara OpenGL pẹ̀lú ẹ̀yà 2.0 ní 2004, jogún ìlànà mákírò láti ọ̀dọ̀ C àti C++. Èyí tí a ń lò nínú bíráwúsà, ìyẹn WebGL, gba GLSL ES, àbúrò rẹ̀ tí a ṣe fún fóònù. HLSL ti Microsoft náà ní mákírò. WGSL, tí a ṣe fún WebGPU, kò ní in rárá, ìyẹn sì ti mú kí àwọn tí wọ́n ń lò ó kọ tiwọn: Bevy, àkójọ irinṣẹ́ fún eré kọ̀ǹpútà tí a fi èdè Rust ṣe, ní irú rẹ̀.

Ẹnìkan lè béèrè pé, bí GLSL bá ti ní mákírò tirẹ̀, kí ni a tún ń kọ òmíràn fún? Ìdáhùn àkọ́kọ́ ni pé GLSL gan-an kò ní `#include`, àṣẹ tí ń kó fáìlì mìíràn wọlé. Ẹni tí ó bá ní ṣédà 40 tí gbogbo wọn ń ṣírò ìmọ́lẹ̀ bákan náà yóò máa da ìṣirò kan náà kọ nígbà 40, tàbí kí ó wá ẹni tí yóò bá a kó o wọlé. Ohun tí three.js ń ṣe nìyẹn: nínú rẹ̀ a ó rí `#include <fog_fragment>`, ṣùgbọ́n WebGL kì í rí ìlà yẹn, nítorí JavaScript ti fi ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ rọ́pò rẹ̀ kí ó tó gbé ṣédà náà kalẹ̀. Ìdáhùn kejì ni ti ẹ̀yà. Bí ṣédà kan bá ní ohun 10 tí a lè tàn tàbí kí a pa, ìyẹn òjìji, kùrukùru, dídán àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀yà tí ó ṣeé ṣe di 1,024. Kò sí ẹni tí yóò fi ọwọ́ kọ wọ́n. Fáìlì kan ni a ń kọ, atúmákírò a sì máa gé e sí ìwọ̀n ẹni tí ó bá fẹ́ lò ó.

Bí a ti ń kọ atúmákírò

Ọ̀nà tí ó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn ni kí a wá orúkọ mákírò nínú ọ̀rọ̀, kí a fi ara rẹ̀ rọ́pò rẹ̀, kí ó parí. Ọ̀nà yìí kì í pẹ́ já. Ká ní wọ́n rán ẹnìkan pé kí ó fi *náírà* rọ́pò *owó* níbikíbi tí ó bá ti rí lẹ́tà mẹ́ta yìí nínú ìwé: owó-orí yóò di náírà-orí, Ọ̀gbẹ́ni Owólabí yóò sì di Ọ̀gbẹ́ni Náíràlabí. Nínú ṣédà, mákírò tí ń jẹ́ `ina` yóò ba `inaOrun` jẹ́ bákan náà. Nítorí náà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kí a gé kóòdù sí ẹyọ-ọ̀rọ̀: orúkọ, nọ́ḿbà, àmì ìṣirò, àkámọ́, kọ́mà. Láti ìgbà náà lọ, atúmákírò kò gbọdọ̀ wo lẹ́tà mọ́. Ẹyọ-ọ̀rọ̀ nìkan ni kí ó máa wò, odindi sí odindi.

Kí gígé náà tó wáyé, a ó yọ àlàyé ẹ̀gbẹ́ kúrò, ìyẹn ohun tí ẹni tí ń kọ kóòdù kọ fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí kì í ṣe fún ẹ̀rọ. Àlàfo kan ni a ń fi rọ́pò àlàyé kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀rọ̀ méjì tí ó wà lápá ọ̀tún àti òsì rẹ̀ má baà lẹ̀ mọ́ra. Bí àlàyé náà bá gùn dé ìlà márùn-ún, kí a fi òpin ìlà wọn sílẹ̀ síbẹ̀. Bí a bá gbé wọn mì, nọ́ḿbà ìlà gbogbo ohun tí ó kù yóò yẹ̀, ìgbà tí àṣìṣe bá sì dé ni a ó tó mọ iye tí ó jẹ.

Ìlà tí ohun àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ bá jẹ́ àmì háàṣì ni ìlà àṣẹ. Àwọn kan jẹ́ ti atúmákírò: `#define`, `#undef`, `#if` àti àwọn ẹbí rẹ̀, `#include`. Àwọn mìíràn kì í ṣe tirẹ̀, bí `#version`, `#extension` àti ọ̀pọ̀ nínú `#pragma`. Kọ̀ǹpáílà ni ó ń retí wọn, kí atúmákírò fi wọ́n sílẹ̀ bí ó ti bá wọn. `#version` ni ó ń fa wàhálà jù. Nínú GLSL ES 3.00, ìlà `#version 300 es` gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlà kìn-ín-ní pátápátá. Ìlà òfìfo kan ṣoṣo kò gbọdọ̀ ṣáájú rẹ̀. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ ti òde fi mákírò ránṣẹ́ sínú ṣédà, bí `#define KURUKURU 1`, yóò fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí fáìlì, nítorí ibẹ̀ ni ó rọrùn jù. Lójú ẹsẹ̀ ni kọ̀ǹpáílà yóò kọ̀ ọ́. Atúmákírò tí ó dára a máa yọ `#version` sọ́tọ̀ ná, a kọ ọ́ sókè, a sì wá to àwọn mákírò tí ó ti òde wá sí abẹ́ rẹ̀.

Nípa `#if`, òkìtì ni a ń lò, tí èyí tí a gbé lé e kẹ́yìn ni a ń kọ́kọ́ gbé kúrò. Fún `#if` kọ̀ọ̀kan tí ó ṣí, a ó kọ ohun mẹ́ta sílẹ̀: bóyá ibi tí ó yí i ká wà láàyè, bóyá ẹ̀ka tí a wà nínú rẹ̀ báyìí wà láàyè, àti bóyá ẹ̀ka kankan ti yege rí nínú `#if` yìí. Ẹ̀kẹta ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé, òun sì ni ó ń jẹ́ kí `#else` mọ̀ pé àyè ti òun ti kọjá. Bí a bá ti ti ẹnu-ọ̀nà agboolé, ṣíṣí ilẹ̀kùn yàrá inú kò mú ẹnikẹ́ni wọlé; síbẹ̀ a gbọ́dọ̀ máa ka àwọn ilẹ̀kùn inú náà, kí a lè mọ èyí tí `#endif` kọ̀ọ̀kan ń tì. Nínú ẹ̀ka tí kò sí láàyè, a kì í tẹ̀lé àṣẹ kankan, a kì í dá mákírò, a kì í kó fáìlì wọlé. Kíkà nìkan ni.

Níbi ìṣirò `#if` ni GLSL ES ti yapa sí C. Nínú C, orúkọ tí a kò dá di òdo, kò sì sí ẹni tí yóò sọ̀rọ̀. Nínú GLSL ES, àṣìṣe ni, àfi bí orúkọ náà bá wà lábẹ́ `defined`. Ti GLSL ES sàn jù. Ẹni tí ó bá kọ `#if KURUKUURU` nítorí pé ìka rẹ̀ yẹ̀ yóò gbọ́ ọ lójú ẹsẹ̀, dípò kí ó máa wo àwòrán tí kùrukùru ti pòórá láìmọ ìdí. Atúmákírò tí a bá kọ fún ṣédà tí ó sì tẹ̀lé ìlànà C níhìn-ín yóò gbé àṣìṣe náà pamọ́ fún oníṣẹ́, nítorí òdo tí ó fi síbẹ̀ ti pa orúkọ tí kò tọ́ náà rẹ́ kí kọ̀ǹpáílà tó dé. Kí a rántí pẹ̀lú pé `defined` ni a ń dáhùn ṣáájú, kí a tó tú mákírò yòókù tí ó wà lórí ìlà náà. Bí a bá yí i padà, `defined(KURUKURU)` yóò di `defined(1)`, èyí tí kò ní ìtumọ̀.

Títú mákírò fúnra rẹ̀ ni ọkàn iṣẹ́ náà. Èyí tí kò ní àyè rọrùn. Èyí tí ó ní àyè nílò ìṣọ́ra láti ìgbà tí a ti ń dá a: àkámọ́ ìṣí gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ orúkọ rẹ̀ tímọ́tímọ́. `#define F(x)` jẹ́ mákírò tí ó ní àyè kan. `#define F (x)`, pẹ̀lú àlàfo, jẹ́ mákírò tí kò ní àyè, tí ara rẹ̀ sì jẹ́ `(x)`. Níbi tí a ti ń pè é, àlàfo kò já mọ́ nǹkan. Bí orúkọ mákírò tí ó ní àyè bá sì jẹ yọ láìsí àkámọ́ lẹ́yìn rẹ̀, a ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Kọ́mà ni ó ń ya àfisáyè kan kúrò lára èkejì, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo kọ́mà. Nínú `ADALU(vec3(1.0, 0.0, 0.0), b)`, àfisáyè méjì ni ó wà, kì í ṣe mẹ́rin. Atúmákírò a máa ka iye àkámọ́ tí ó ṣí sílẹ̀, kọ́mà tí ó bá wà lábẹ́ àkámọ́ inú kì í sì í ṣe ti mákírò. Èdè ṣédà kún fún `vec2`, `vec3` àti `vec4`, nítorí náà ẹni tí kò bá ka àkámọ́ yóò kọsẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní.

Títú yìí kò mọ ìṣirò. Bí a bá dá mákírò báyìí:

`#define ILOPO(x) x * x`

tí a sì pe `ILOPO(a + b)`, ohun tí kọ̀ǹpáílà yóò rí ni `a + b * a + b`. Bí `a` bá jẹ́ 2 tí `b` sì jẹ́ 3, ìdáhùn tí a ń retí ni 25. Ìdáhùn tí a ó rí gbà ni 11. Kọ̀ǹpáílà kò ní bínú, kóòdù náà tọ́ lójú rẹ̀. Àwòrán nìkan ni yóò ṣókùnkùn ju bí ó ti yẹ lọ, oníṣẹ́ yóò sì máa wá àṣìṣe nínú ìmọ́lẹ̀, níbi tí kò sí. Àtúnṣe rẹ̀ ni `((x) * (x))`, àkámọ́ lára àyè kọ̀ọ̀kan àti àkámọ́ yí gbogbo rẹ̀ ká. Síbẹ̀ náà, bí àfisáyè bá jẹ́ ìṣirò tí ó wúwo, ẹ̀ẹ̀mejì ni ó ti wà nínú kóòdù. Atúmákírò kò lè gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ èyí. Ó lè kìlọ̀ nìkan, ìwọ̀nba díẹ̀ sì ni ó ń kìlọ̀.

Ìlànà ni pé kí a kọ́kọ́ tú àfisáyè kọ̀ọ̀kan tán ní òun nìkan, kí a fi í sí àyè rẹ̀ nínú ara mákírò, kí a sì wá tún gbogbo ohun tí ó jáde kà láti ìbẹ̀rẹ̀, bóyá mákírò mìíràn wà nínú rẹ̀. Títún-kà yìí ni ó lè di ohun tí kò lópin. Wo èyí:

`#define ina ina * 0.5`

Bí a bá fi `ina * 0.5` rọ́pò `ina`, `ina` mìíràn ti tún jókòó síbẹ̀. Bí a bá tún tú u, òmíràn yóò tún yọ. Akéwì tí ń ki oríkì mọ irú ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Nígbà tí a bá dárúkọ ẹnìkan, oríkì rẹ̀ yóò máa ṣàn. Láàárín oríkì náà, orúkọ náà yóò tún jẹ yọ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì. Akéwì kì í tìtorí èyí padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ó mọ̀ pé inú oríkì ẹni náà ni òun wà, ó sì dárúkọ náà kọjá. Atúmákírò gbọ́dọ̀ ní irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tí Dave Prosser là sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, nígbà tí ìgbìmọ̀ X3J11 ń ṣètò ìlànà C tí ó jáde ní 1989, ni pé kí ẹyọ-ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan máa gbé àkójọ èèwọ̀ tirẹ̀ kiri: orúkọ gbogbo mákírò tí ó ti inú wọn jáde. Bí orúkọ ẹyọ-ọ̀rọ̀ kan bá wà nínú àkójọ èèwọ̀ tirẹ̀, a kì í tú u mọ́ láéláé.

Kí ni ìdí tí kò fi tó kí a ní àkójọ èèwọ̀ kan ṣoṣo fún gbogbo ètò náà? Nítorí pé `ina` tí ó ti inú mákírò `ina` jáde jẹ́ èèwọ̀, ṣùgbọ́n `ina` mìíràn tí ẹni tí ń kọ kóòdù fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kì í ṣe èèwọ̀, ó sì yẹ kí a tú u. Orúkọ kan náà, ìtàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Fún mákírò tí ó ní àyè, èèwọ̀ tí ohun tí ó jáde yóò gbé ni èyí tí orúkọ mákírò àti àkámọ́ ìpadé rẹ̀ jọ ní, pẹ̀lú orúkọ mákírò náà fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ ka òfin yìí a máa rò pé àṣejù ni, títí yóò fi rí mákírò tí orúkọ rẹ̀ ti inú òmíràn jáde, tí àkámọ́ rẹ̀ sì wà ní ìta.

Ohun kan wà tí a kò ní láti kọ. C ní àmì háàṣì tí ń sọ àfisáyè di ọ̀wọ́ lẹ́tà láàárín àmì àyọlò. GLSL kò ní ọ̀wọ́ lẹ́tà rárá, nítorí náà kò sí ohun tí àmì bẹ́ẹ̀ fẹ́ ṣe níbẹ̀. Àmì háàṣì méjì, tí ń lẹ ẹyọ-ọ̀rọ̀ méjì pọ̀ di ọ̀kan, kò sí nínú GLSL ES, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀yà GLSL tuntun ti orí kọ̀ǹpútà gbà á. Atúmákírò tí ó ń tú gbogbo mákírò tán kí WebGL tó rí i lè fún àwọn tí ń lò ó ní èyí láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Kíkó fáìlì wọlé rọrùn, bí a bá rántí pé nínú bíráwúsà kò sí àpótí fáìlì tí a lè ṣí: a ń fún atúmákírò ní àtẹ kan tí orúkọ kọ̀ọ̀kan ń tọ́ka sí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Fáìlì `a` lè pe `b`, kí `b` sì tún pe `a`. Kí a kọ orúkọ àwọn tí ó ṣí sílẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́, kí a sì kígbe bí ọ̀kan bá padà wá.

Ìṣòro gidi ni ti nọ́ḿbà ìlà. Bí fáìlì mẹ́ta bá ti wọ inú ọ̀kan, kọ̀ǹpáílà lè sọ pé àṣìṣe wà ní ìlà 412, nígbà tí fáìlì tí oníṣẹ́ kọ kò ju ìlà 60 lọ. Àṣẹ `#line` ni a fi ń tún èyí ṣe, ṣùgbọ́n nọ́ḿbà nìkan ni GLSL gbà níbẹ̀, ti ìlà àti ti fáìlì. Kò gba orúkọ fáìlì. Atúmákírò yóò fún fáìlì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ḿbà, yóò pa àtẹ wọn mọ́, yóò sì ka ohun tí kọ̀ǹpáílà bá sọ kí ó tó fi orúkọ gidi síbẹ̀ fún ẹni tí ó fẹ́ kà á. Nínú GLSL ti orí kọ̀ǹpútà tí ó ṣáájú ẹ̀yà 3.30, ìlà tí ó tẹ̀lé `#line 10` ni a ń kà sí 11, láti 3.30 lọ, ó di 10. Ìyàtọ̀ ẹyọ kan yìí ti tó láti rán ènìyàn lọ sí ìlà tí kò mọ́wọ́ mẹsẹ̀.

Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, a lè fi ti ẹlòmíràn wọn ọ́n. glslang, kọ̀ǹpáílà tí Khronos ń tọ́jú, ní àṣẹ `-E` tí ó ń tẹ kóòdù jáde lẹ́yìn tí ó ti tú mákírò tán. A ó fún àwọn méjèèjì ní ṣédà kan náà, a ó sì fi èsì wọn wéra ní ẹyọ-ọ̀rọ̀ sí ẹyọ-ọ̀rọ̀, láìka àlàfo sí.

Àkíyèsí lórí àmì ohùn

Lẹ́tà a sí z kékeré àti ńlá, nọ́ḿbà àti ìlà ìsàlẹ̀ nìkan ni GLSL gbà nínú orúkọ. Àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà kò wọlé, àfi nínú àlàyé ẹ̀gbẹ́. Fún ẹni tí ń fi èdè Yorùbá kọ orúkọ nínú kóòdù, ohun tí ó ń sọnù kì í ṣe ẹwà lásán. *Àwọ̀* tí ojú fi ń mọ pupa yàtọ̀ sí dúdú, *awọ* tí ó bo ara, *awo* tí í ṣe ohun ìkọ̀kọ̀, àti *àwo* tí a fi ń jẹun, gbogbo wọn di `awo`. Ẹni tí ó bá ń ya ojú ènìyàn nílò méjì àkọ́kọ́ nínú ṣédà kan náà. Àwọ̀ awọ ara sì di `awo_awo`.

Atúmákírò tí a kọ fúnra ẹni lè yanjú èyí, nítorí òun ni ó ń ka kóòdù ṣáájú kọ̀ǹpáílà. Ó lè gba orúkọ tí ó ní àmì, kí ó sì kọ ọ́ jáde ní lẹ́tà tí GLSL gbà: 1 fún ohùn ìsàlẹ̀, 3 fún ohùn òkè, 0 fún àmì abẹ́, kí `yo_` sì ṣáájú orúkọ tí ó bá ní àmì. Báyìí, àwọ̀ di `yo_a1wo01`, awọ di `yo_awo0`, àwo di `yo_a1wo`, awo sì dúró bí ó ti wà. Kí a má fi ìlà ìsàlẹ̀ méjì tẹ̀léra, nítorí a ti ya orúkọ mákírò tí ó ní irú rẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn tí wọ́n ń ṣe kọ̀ǹpáílà.

Ṣùgbọ́n ohun kan gbọ́dọ̀ ṣáájú gígé ẹyọ-ọ̀rọ̀. Lẹ́tà *ọ̀* kò ní nọ́ḿbà kan ṣoṣo nínú Unicode. A lè kọ ọ́ ní U+1ECD pẹ̀lú U+0300. A lè kọ ọ́ ní `o` lásán pẹ̀lú U+0323 àti U+0300. A tún lè kọ ọ́ ní U+00F2 pẹ̀lú U+0323. Bákan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rí lójú. Bí kíbọọ̀dù ẹni tí ó dá mákírò `àwọ̀` bá ń kọ ọ́ ní ọ̀nà kan, tí ti ẹni tí ó pè é sì ń kọ ọ́ ní òmíràn, atúmákírò yóò sọ pé kò sí mákírò tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn méjèèjì yóò sì máa wo orúkọ kan náà lójú kọ̀ǹpútà láìrí ìyàtọ̀ kankan. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí a sọ gbogbo fáìlì di irú kan, èyí tí Unicode ń pè ní NFC, ní kété tí a bá kà á wọlé. Nínú rẹ̀ *ọ̀* a máa jẹ́ U+1ECD àti U+0300 nígbà gbogbo. Ìlànà ìkọjáde náà kò sì gbọdọ̀ gbára lé èwo ni ó kọ́kọ́ jẹ yọ nínú fáìlì, nítorí JavaScript tí ó fẹ́ fi àwọ̀ ránṣẹ́ sínú ṣédà gbọ́dọ̀ lè fi ìlànà kan náà rí `yo_a1wo01` fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé ó ka ṣédà náà.